Igbá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Nàka Sí

Bàbá mi kì í béèrè àlàáfíà mi mọ́ tí mo bá pè wọ́n. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní "Okun o," èmi náà á ní "Okun, Bàbá," lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba fóònù: "Ṣé ó ti so?"

Igbá ni wọ́n ń béèrè. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo gbin igbá sínú ilé gíláàsì kan ní ìlú olótùútù kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irúgbìn tí mo sì gbìn ni gbogbo ohun tó kù nínú irú igbá tí Bàbá mi ti ń gbìn láti ìgbà èwe wọn. Bí kò bá so, tàbí tó so tí kò gbó, ó tán nìyẹn.

Ní Òkè-Bùkún, ní ilẹ̀ Bùnù, tí wọ́n bí mi sí, iṣu ni gbogbo èèyàn mọ Bàbá mi mọ́, ṣùgbọ́n igbá ni wọ́n fẹ́ràn. Lẹ́yìn ebè tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, wọ́n fi igi àti ọparun kan pẹpẹ kan, orí rẹ̀ ni ìtàkùn igbá máa ń gùn. Tí igbá kan bá ti tó ẹyin adìyẹ, tí irun múlọ́múlọ́ ara rẹ̀ kò tíì gbọ̀n dànù, wọ́n á mú ìko, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Kò ní fún jù, kò sì ní dẹ̀ jù. Bí igbá náà bá ṣe ń sanra ni wọ́n á máa tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá so báyìí ló ń di kèrègbè ẹlẹ́mu. Èyí tí wọ́n bá fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ nídìí, ìdí rẹ̀ á tẹ́, á lè dá dúró. Èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó máa rọ̀ láti orí pẹpẹ wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ á gùn, òun ni wọ́n ń là sí méjì tí a fi ń bu omi nínú àmù.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí igbá kan yóò ṣe rí kó tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló mọ̀ ọ́n? A kì í mọ igbá bí ẹni ń mọ ìkòkò. Ọ̀nà la kàn ń dí fún un. Ibi tó bá gbà kọjá, tiẹ̀ nìyẹn."

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa fífún nǹkan ní ìrísí, lórí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyókù, èmi ni mo kọ́ ara mi, lórí fóònù, nínú ìwé tí mo ń yá ní láíbúrárì, àti nípa bíba ohun tó dára jẹ́.

Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà oko wa, mo ti kúrò nílé. Dúpẹ́, àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Kàbà, ló lọ kó Bàbá wá sílé ara rẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, wọn kò mú nǹkan kan dání ju aṣọ wọn lọ. Irúgbìn igbá wà nínú àdó lórí àjà nínú ahéré, níbi tí èéfín ti ń lé kòkòrò sá fún un. Nígbà tí àwọn fijilanté máa fi sìn wọ́n lọ wò ó, òrùlé ti wó, òjò ti wọlé, èyí tí òjò kò bà jẹ́, eku ti jẹ ẹ́. Wọ́n wá àwọn tó ti gba irúgbìn lọ́wọ́ wọn rí. Àwọn kan ti sá kúrò, àwọn kan sì ti dẹ́kun gbígbìn rẹ̀ tipẹ́. Ìgbà tí rọ́bà wà lọ́jà, ta ló tún ń fi igbá bu omi?

Ohun tó kù ni èyí tí wọ́n so sí etí aṣọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn fún ọmọ. Mo gbà á, mo sì gbàgbé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

*

Ohun tí ìlú òyìnbó kọ́kọ́ fi bà mí lẹ́rù ni bí nǹkan ṣe jọra. Nínú ilé ìtajà, kùkúńbà tò kalẹ̀, gbogbo wọn gùn bákan náà, wọ́n tọ́ bíi rúlà. Mo wá èyí tó wọ́, n kò rí. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà pé níbo ni wọ́n ń kó àwọn tó wọ́ sí. Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn ilé àdúgbò mi náà jọra débi pé ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, mo ń yí i, kò ṣí. Ọkùnrin kan yọjú láti fèrèsé òkè. Kò bú mi, kò sì bi mí léèrè ohun tí mò ń wá. Ó kàn ń wò mí títí mo fi lọ. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ní Bùnù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń lò fún gbogbo nǹkan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti ìrìn dé, okun. Ẹni tó ṣubú, okun náà ni. Kò sí bí o ṣe máa rí èèyàn tí o kò ní ní ohun tí o máa sọ fún un. Níbí, mo máa ń kí àwọn tí a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tó yá, èmi náà kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń wo bàtà mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́, n kì í la ẹnu mi àfi tí mo bá pe ilé.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi amọ̀ funfun ṣe ìbòrí láńpù ló gbà mí. Amọ̀ náà fẹ́lẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá sun ún tán, iná á máa là á kọjá bí oòrùn ṣe máa ń la etí ewúrẹ́. Ìdí páálí ni mo wà, èmi àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìmúránì, ọmọ Pakísítánì. À ń fi bébà wé láńpù, à ń tò ó sínú páálí. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń ya nǹkan sára páálí tó ti ya: ọrùn kèrègbè, ìdí igbá, ihò tí kòkòrò gbẹ́ sára ewé. Hẹ́lẹ́nì, ọ̀gá wa, tí èmi tilẹ̀ jù lọ́jọ́ orí, rí i lọ́jọ́ kan. Ó yí páálí náà síwá sẹ́yìn. Ó ní kí n máa wá sí yàrá ìyàwòrán títí di ìgbà ìpàtẹ wọn, tó máa ń wáyé nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán. Bí àpẹẹrẹ mi kan bá wọ ìpàtẹ náà, tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé di tèmi. Bí kò bá wọ̀ ọ́, mo padà sí ìdí páálí.

Mo ra rúlà tuntun.

Ẹ wò ó, ẹ̀rù ni mo fi ya gbogbo ohun tí mo yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Mo ti rí kùkúńbà wọn, mo sì rò pé bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rí níbí nìyẹn. Mo ń pín ìlà sí méjì ọgbọọgba, mo ń dá apá òsì kọ sí apá ọ̀tún. Hẹ́lẹ́nì á gbé ohun tí mo ṣe sókè sí ìmọ́lẹ̀, á ní, "Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀." Ohùn tó fi ń sọ ọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń bá èèyàn kẹ́dùn. Bí mo ṣe ń ṣe amọ̀ náà ni mò ń ṣe ara mi. Mo ti gé ohùn mi kúrú kí wọ́n lè gbọ́ mi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín. Tí mo bá délé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa dùn mí.

*

Àsìkò tí Dúpẹ́ ròyìn ahéré tó wó fún mi ni mo tú ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ náà wà níbẹ̀, kókó tí Bàbá ta sí i kò tíì tú. Mo sọ fún Ìmúránì, nítorí mo mọ̀ pé ó ní ilẹ̀ kékeré kan tí ìjọba ìlú yá a láti fi dáko, ó sì ní ilé gíláàsì tó ń gbin tòmátì sí. Ó ní kí n mú apá kan. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí kí èèyàn máa gbin ohun tí kò ṣeé jẹ.

Mo fi ìkángun hóró kọ̀ọ̀kan ra òkúta díẹ̀ kí omi lè ráàyè wọ̀ ọ́, mo rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo tò wọ́n sínú ife lórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Àwọn kan rà. Àwọn kan hù. Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, mo gbé wọn lọ sínú ilé gíláàsì. Ìtàkùn wọn gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òdòdó igbá funfun ni, ìrọ̀lẹ́ ló ń là, kòkòrò tó sì mọ̀ ọ́n nílé kò sí níbí, nítorí náà èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, torí ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ja akọ òdòdó, èyí tí igi ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, mo máa ń fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa abo lójú. Abo kò ṣòro mọ̀. Igbá kékeré kan ti wà nídìí rẹ̀ kó tó là rárá.

Ìmúránì ló kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti so. Ó pè mí, ó gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn mí, mo sì rí i pé ó ká ìka rẹ̀ kò, oríkèé ìka ló fi ń júwe. Mo bi í pé kí ló ṣe ìka rẹ̀. Ojú tì í. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń gbá àwọn lọ́wọ́ tí àwọn bá nàka sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, pé yóò rà. Ẹ̀rín pa mí. Mo fi ìkúùkù mi hàn án. Ní Òkè-Bùkún, ọmọ tó bá nàka sí igbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ìka náà ni wọ́n á ní kó fi eyín gé jẹ́ẹ́jẹ́ kí aburú lè ré kọjá.

"Ṣé o gbà á gbọ́?" ó bi mí.

Mo ní rárá.

Ó ní òun náà kò gbà á gbọ́. Àwa méjèèjì sì fi ìkúùkù júwe igbá títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mo pe ilé lọ́jọ́ kejì. Mo ní ó ti so. Mo fẹ́ sọ iye tó so, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Má kà á." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bi mí bí ewé rẹ̀ ṣe rí, bóyá irun wà lára igbá náà, bóyá mo ti fi nǹkan tẹ́ wọn nídìí. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Dúpẹ́ gba fóònù.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Láti àná tí wọ́n ti lá àlá igbá ni wọ́n ti ń jẹun dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú o, torí ẹ̀yin wà lókè òkun, èmi ni wọ́n á máa bá jà."

*

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, Hẹ́lẹ́nì ní òun fẹ́ wo ibi tí mo ti ń rí àwọn ìrísí tí mo ń yà sára páálí. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ bàtà funfun. Inú rẹ̀ dùn. Ó rìn láàárín ìtàkùn, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí rẹwà, èyí dà bí ẹyẹ, ẹ wo èyí. Ìmúránì wo èmi, èmi náà wò ó. Ta ló máa sọ fún ọ̀gá pé kó fi eyín gé ìka rẹ̀ jẹ?

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òtútù já wọlé ṣáájú àsìkò rẹ̀. Àwọn igbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ìdí. Tí mo bá fi àtàǹpàkò kàn wọ́n, á wọlé. Mo mọ ohun tó fà á, mo sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: igbá tí èèpo rẹ̀ kò tíì le, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí òtútù bá sì ti mú omi náà dé ààyè kan, ẹran igbá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń kó wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka Hẹ́lẹ́nì ni mò ń rí.

N kò pe ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Dúpẹ́ pè mí, n kò gbé e.

Ìgbà tí mo ń fa ìtàkùn tó ti kú kúrò ni mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ fà. Ó gba ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi tí Ìmúránì fi ń bomi rin tòmátì lọ. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, mo kan nǹkan tútù, nǹkan líle. Igbá kan wà láàárín dúrọ́ọ̀mù àti irin ilé gíláàsì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Omi inú dúrọ́ọ̀mù náà ló dáàbò bò ó. Omi máa ń gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, á sì máa tú u jáde tí òtútù bá dé.

Mo fi iná fóònù wò ó. N kò rí irú rẹ̀ rí lórí pẹpẹ Bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà ara dúrọ́ọ̀mù sì wà lára rẹ̀ bí ilà ojú. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti wú gba àlàfo irin jáde. Okùn tí mo fi gbé ìtàkùn ró ti há mọ́ ọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kì í ṣe yíká, ọrùn náà sì ti lọ́ nítorí rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń lọ tí wọ́n pè lẹ́yìn, tó yíjú padà láìdúró. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi ń wá ìrísí lórí bébà pẹ̀lú rúlà, nígbà tí èyí ń ṣe ara rẹ̀ lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi han Hẹ́lẹ́nì. Bóyá ǹ bá má fi hàn án.

Ó wò ó títí. Ó ní òun nìyẹn, ohun tí òun ń dúró dè lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gé e wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn kí àwọn da píópì bò ó láti fi gba ìrísí rẹ̀, kí a lè da amọ̀ sínú rẹ̀ kí ìpàtẹ tó dé. Mo ní kò tíì gbó. Igi ìdí rẹ̀ ṣì tutù, èékánná sì lè fá èèpo rẹ̀. Bí a bá gé e báyìí, omi lásán ni hóró inú rẹ̀.

"Hóró?" ó ní. "Ìrísí rẹ̀ la nílò."

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá mi fún un, ti ahéré, ti eku. Ó gbọ́ mi dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó bi mí pé ìgbà wo ló máa gbó. Mo ní òun ló máa sọ fún mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ìpàtẹ kò ní dúró de igbá, pé ẹlòmíràn wà tí àpẹẹrẹ tirẹ̀ ti ṣe tán. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kó le nìyẹn.

Mo pe Bàbá. Mo rò pé wọ́n á ní kí n má fọwọ́ kàn án, kí n lè fi ọ̀rọ̀ wọn gbe ara mi lẹ́sẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, èyí tó rà, èyí tó kù, ohun tí ọ̀gá mi ń béèrè.

"Gé e," wọ́n ní.

"Bàbá, irúgbìn ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ráyè jókòó ló ń rántí irúgbìn. Gé e, ìyá mi. Wá ibi jókòó."

Wọ́n gbé fóònù fún Dúpẹ́ láìkí mi pé ó dàbọ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Dúpẹ́ ní wọ́n ti bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn dúró ti ògiri."

*

Mo mú ọ̀bẹ lọ sí ilé gíláàsì. Mo mú amọ̀ dání pẹ̀lú, n kò lè sọ ìdí rẹ̀. Mo dojú bákẹ́ẹ̀tì dé, mo jókòó lé e, mo fi èjìká ti ara dúrọ́ọ̀mù, mo sì ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn rẹ̀. N kò lè rí igbá náà láti ibi tí mo wà. Ọwọ́ òsì ń kà á, ọwọ́ ọ̀tún ń kọ ọ́ sára amọ̀ lórí orúnkún mi.

Kò bọ́ sí i. Òtútù ti mú ìka mi kú, mo sì ti fi omi sí amọ̀ náà jù. Ibi tí mo fẹ́ kí ọrùn ti lọ́, ó wó lé ara rẹ̀, ó di ìṣẹ́po bí ìṣẹ́po ọrùn ọmọ ọwọ́. Mo gbé e ró, ó tún wó. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ náà ló wó sí. Mo fẹ́ kó o jọ kí n tún un pò, ni mo bá rántí: ọ̀nà la kàn ń dí fún un. Mo fi í sílẹ̀. Mo gbé e ti ara dúrọ́ọ̀mù, mo jẹ́ kó rọ bó ṣe fẹ́ rọ. Mo fi àtàǹpàkò fẹ inú rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ níbi tó bá gbà fún mi, níbi tí kò bá gbà, mo jẹ́ kó nípọn. Nígbà tí mo máa wò ó dáadáa, kì í ṣe igbá ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù mọ́. Kò sì jọ ohun tí mo yà rí. Kò sí bí mo ṣe lè fi rúlà dé ibẹ̀ láéláé.

Ọ̀bẹ wà nílẹ̀ níbi tí mo fi í sí.

Lẹ́yìn tí amọ̀ náà jáde nínú ààrò, mo gbé e sórí tábìlì Hẹ́lẹ́nì. Ó ní, "Èyí kì í ṣe igbá yẹn."

"Rárá."

"Kí wá ni?"

Mo ní n kò mọ̀, pé ibi tó gbà kọjá nìyẹn. Ó ki gílóòbù iná sínú rẹ̀, ó sì pa iná yàrá. Níbi ìṣẹ́po, òjìji dúdú dúró síbẹ̀. Níbi tí àtàǹpàkò mi ti fẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń là á, etí ewúrẹ́ gan-an. Hẹ́lẹ́nì yí i po. Ó na ìka láti júwe ìṣẹ́po náà. Láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ìmúránì gbé páálí dúró sí, a gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ká ìka yín kò."

Hẹ́lẹ́nì wò ó, ó wò mí. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ká a.

Láńpù náà wọ ìpàtẹ. Mo ń jókòó nídìí fèrèsé báyìí. Àwọn èèyàn bi Hẹ́lẹ́nì pé ìrísí kí ni, ó ní obìnrin kan ni, tó ń bojú wẹ̀yìn. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀yìnkùlé Dúpẹ́ ni ọkàn mi wà, lọ́dọ̀ ẹni tó dúró ti ògiri.

*

Mo fi aṣọ òtútù àtijọ́ wé igbá náà lórí ìtàkùn títí igi ìdí rẹ̀ fi gbẹ, tí ó sì di pupa rúsúrúsú. Nígbà náà ni mo tó gé e. Igbá kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi wà nínú yàrá mi lórí ìwé ìròyìn, ara rẹ̀ ń bu, nǹkan funfun ń hù sí i, mo ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, obìnrin tí a jọ ń gbé ń bi mí bóyá nǹkan kan ti kú sínú yàrá mi. Ó ń fúyẹ́ sí i. Mo máa ń gbé e mì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ kí n lè gbọ́ bóyá hóró ń dún nínú rẹ̀. Kì í dún. Bàbá kò bi mí léèrè rẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé mo ti gé e fún ọ̀gá mi. N kò sọ òdìkejì, nítorí bí ó bá jẹ́ òfìfo ni, kò sí ìdí tí wọ́n á fi pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí òtútù ti ń lọ, mo gbé e kúrò lójú ọ̀nà, ó dún.

Mo pe ilé kí n tó fọ ojú. Mo ní kí Dúpẹ́ gbé fóònù sí etí Bàbá, kó má sọ nǹkan kan. Mo gbé igbá náà sún mọ́ fóònù, mo mì ín.

Mo rò pé fóònù ti já.

"Tún un mì," Bàbá ní.

Mo tún un mì. Mo gbọ́ èémí wọn.

"Ó gbó," wọ́n ní. "Ohùn rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́nu mi. Mo ní màá mú un wá fún wọn fúnra mi tí mo bá gba ìsinmi, pé n kò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa wọlé, bí màá ṣe gbé e lé wọn lórí ẹsẹ̀. Ó dà bíi pé èyí nìkan ló kù tí mo lè fi sọ pé n kò tíì lọ.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Kí o mú un wá síbo?"

Mo mọ̀ pé símẹ́ńtì ni ẹ̀yìnkùlé Dúpẹ́. Mo mọ̀ pé kò tíì sí ẹni tó padà sí ojú ọ̀nà oko wa.

"Bàbá, nǹkan á rọ̀."

"Tó bá rọ̀, wàá gbọ́." Wọ́n wúkọ́. "Irúgbìn kì í dúró de ogun kó tán. Tó bá pẹ́ jù, kò ní hù mọ́. Fọ́ ọ, kí o gbìn ín síbẹ̀. Tó bá so, kí o pè mí."

Mo ní kò sí igbá mìíràn tó ní ìrísí yìí, pé tí mo bá fọ́ ọ, ó parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìdí pẹpẹ igbá àtijọ́ yẹn, tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Òkè-Bùkún.

"Ṣé ìwọ lo mọ ọ́n ni? Okun o, ìyá mi."

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ti ìrìn dé, ẹni tó ṣubú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. N kò bi wọ́n èwo ni wọ́n ń kí mi fún. Mo ní, "Okun, Bàbá." Mo wá ayùn kékeré tí mo fi ń gé igi férémù, mo jókòó sílẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì di igbá náà mú. Ọrùn rẹ̀ ṣì yíjú padà. Mo gbé ayùn lé ojú ibi tí okùn ti há mọ́ ọn.